Òjò Àkọ́rọ̀ ní Fate

Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá ti Èkó wá gbé ní Fate, ní Ìlọrin, yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọdún kan tó yí po.

Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ètè á bó, eruku á bo fèrèsé, òrí ni a ó sì máa fi pa ara. Bí ọyẹ́ bá lọ, ooru oṣù Kẹta á dé, omi kànga á fà. Ẹni tí kì í kí aládùúgbò, òun nìkan ni yóò máa wá omi kiri.

Nígbà tó bá di ìparí oṣù náà tàbí oṣù Kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀. Èsúnsún á máa fò yí iná ká lálẹ́, àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi jáde láti mú wọn. Máńgòrò á pọ̀ lọ́jà, àwọn obìnrin Fúlàní á máa kiri wàrà.

Ìkíni ló ń sọ àlejò di ará ilé. "Ẹ kú ọyẹ́" á di "Ẹ kú ooru," á tún di "Ẹ kú òjò." Mùsùlùmí àti Kristẹni ló ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kí yóò rí ẹni bá a ká aṣọ tó sá síta bí òjò bá ká a mọ́ ọjà. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan: ní Jàpáánì pàápàá, ọ̀rọ̀ nípa ìgbà ọdún ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà.

Ǹjẹ́ ìdílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yín? Ẹ lọ kí wọn kí òjò tó dá.