Ọ̀rọ̀ Ara Dáńfó ní Ojúwòyè

Ní ibùdókọ̀ Ojúwòyè, ní Múṣin, mo rí dáńfó kan tí ayàwòrán fi ọ̀dà kọ OKO MI sí lẹ́yìn, láìsí àmì ohùn kankan. ‘Ọkọ̀ mi’ ni awakọ̀ pè é. ‘Ọkọ mi’ ni ìyá oníṣòwò kan pè é, ó sì kí i káàbọ̀. Bàbá kan ní ‘oko mi’ ni, nítorí ibẹ̀ ni awakọ̀ ti ń kórè.

Èmi a máa gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi àmì sọ́rọ̀ (ìdánwò kì í ṣe eré). Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán yìí bá ti fi àmì sí i, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá kù, ẹ̀rín ì bá sì ti tán.

Bébà alálẹ̀mọ́ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì báyìí. Mo ti rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí ibùdókọ̀ kí wọ́n da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ, kí wọ́n sì fi àmì sí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀dà tuntun tó pa wọ́n rẹ́.