Ẹnu Ọmọ Kì í Sọ Ohun Tó Ṣe Ọ̀fun

Iṣẹ́ ọṣẹ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ sódà. Bó bá kan omi, omi náà á gbóná kankan láìsí iná nídìí rẹ̀. Bó bá ta síni lọ́wọ́, á kọ́kọ́ máa yọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa jóni. Síbẹ̀, èmi ni mo rọ omi sódà tó ṣẹ́kù sínú ike ẹlẹ́rìndòdò, tí mo tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Omi sódà tó ti tutù kò yàtọ̀ sí omi mímu lójú, kò sì rùn.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún méjì, ló gbé e mu. Igbe rẹ̀ la gbọ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyà aṣọ rẹ̀ ti tutù, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì. Ẹnì kan lágbàálé pariwo pé ká fún un lépo, èmi náà ni mo sáré mú ìgò epo wá. Mo di orí ọmọ náà mọ́ itan mi, ó ń jà, mo ń dà á sí i lẹ́nu, títí ó fi bì. Nígbà tó bì, mo ní, “Ọlọ́run ṣeun, ó ti jáde.” Kò jáde o. Sódà tó jó o nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ tún jó o nígbà tó ń gòkè bọ̀, epo náà sì lè ti gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Mo tún là á lẹ́nu wò. Ètè rẹ̀ wú díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ pọ́n, kò sí egbò kankan. Mo sọ fún àbúrò mi pé ká jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Ó kọ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni pé kò gbọ́ tèmi.

Dókítà là á yé wa pé ẹnu lè mọ́ kí ọ̀fun sì ti bó. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí, tí wọ́n ń tì gba ẹnu wọlé láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejì, ló ń fi òótọ́ hàn. Ìwọ̀n tí dókítà Zargar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1991 ni wọ́n fi ń pín ọgbẹ́ náà sí ìpele, láti orí pípọ́n àti wíwú lásán dé orí ara tó ti kú. Èyí tó bá yí ọ̀fun po ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, torí bó ṣe ń jinná ló ń súnkì, tí ọ̀nà oúnjẹ á fún. Tiwa yí i po. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ògì tó ti ń mu tẹ́lẹ̀ ò lọ mọ́. Léraléra ni wọ́n ń fi ọ̀pá rírọ̀ la ọ̀fun ọmọ náà.

Lórí ìjókòó ilé ìwòsàn yẹn ni mo ti mọ irú àwọn tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ṣèèṣì mu ún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Bó bá ta wọ́n lẹ́nu, wọ́n sábà máa ń tu ú dànù. Àwọn tí ìbànújẹ́ sún débi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mu ún, ọ̀dọ́ àti àgbà, ọgbẹ́ tiwọn ló sábà máa ń le jù. Àánú ni wọ́n nílò, kì í ṣe èébú. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé omi bátìrì ni wọ́n mu; ìyẹn máa ń ba àpòlúkù jẹ́ gan-an. Sódà ní tirẹ̀ ń yọ́ ara wọlé. Ohun tó ń ṣe sí epo nínú ìkòkò ọṣẹ mi náà ló ń ṣe sí ọ̀rá inú ẹran ara.

Ní Amẹ́ríkà, Chevalier Jackson, dókítà ọ̀fun, ò sinmi títí wọ́n fi ṣòfin lọ́dún 1927 pé kí wọ́n kọ ọ́ sára agolo sódà pé májèlé ni. Lọ́jà tí mo ti ń rà á, inú ọ̀rá tí kò ní àkọlé ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ sódà sínú ike ohun mímu. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fún ọmọ lépo, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ mú ike náà dání, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ tónítóní.