Nọ́ńbà Tó Wà Lójú Mítà

Àwọn kan nínú yín ń béèrè ohun tó gbé àwa ìbejì dé ìdí ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà ìsinmi tó kọjá. Ọ̀rọ̀ mítà ọkọ̀ Bàbá wa ni. A fẹ́ sọ bí a ṣe pààrọ̀ rẹ̀, a sì fẹ́ sọ ohun tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe.

Mazda MX-5 ọdún 1990 ni ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Ọkọ̀ eré kékeré ni, ìjókòó méjì péré. Òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, iná iwájú rẹ̀ a sì máa yọjú sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n bá tàn án. Kùtọnu ni Bàbá wa ti rà á ní ọdún 2001, kí wọ́n tó bí wa. Nígbà tí owó ilé-ìwé wa di ẹrù, wọ́n ní àwọn á tà á.

Bí a ṣe ń múra ọjà ni ọwọ́ mítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tí ọkọ̀ bá ń sá 40, á fò sí 70, á tún já wá sí 20. Nígbà tó yá, ó sùn sórí òdo, kò dìde mọ́. Òǹkà máìlì tó wà lójú mítà náà sì dúró sórí 148,317.

Irú mítà àtijọ́ yìí kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Wáyà kan tó ń yí ló ti inú gíábọ́ọ̀sì wá sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí táyà bá ti ń yí, wáyà náà á máa yí, á sì máa yí irin òòfà kan nínú mítà. Òòfà yìí kò kan ife alumíníọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n yíyí rẹ̀ ń dá iná díẹ̀ sínú ife náà, ìyẹn ló sì ń fa ife náà tẹ̀lé e. Sípíríǹgì tín-ín-rín kan ń fà á padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ mítà á tọ́ka sí. Ará Jámánì kan, Otto Schulze, ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1902.

A lọ bá Bàbá Rẹwáyà ní àdúgbò wa. Wọ́n ní kí a dí táyà iwájú, kí a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí a gbé e lé orí irin tó lágbára. Wọ́n yọ wáyà kúrò lẹ́yìn mítà, wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n fi sí gíá kìíní. Orí wáyà ń yí dáadáa.

“Ẹ ò rí i? Gíábọ́ọ̀sì dáa, wáyà dáa. Mítà fúnra rẹ̀ ló kú.”

Nígbà tí wọ́n tú u, àwọn eyín rọ́bà kéékèèké inú rẹ̀ ti kán. A ronú láti ra èyí tó ń lo sátẹ́láìtì, tí kò nílò wáyà rárá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ọkọ̀ àtijọ́ mu, ẹni tó ń ra irú ọkọ̀ yìí sì máa ń fẹ́ kí ohun gbogbo rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston ló bá wa rí àlòkù lára MX-5 mìíràn tí wọ́n tú palẹ̀. Nígbà tó dé, 61,204 ló wà lójú rẹ̀.

Fífi sí i kò pẹ́. A sọ sítẹ́ríìn kalẹ̀ díẹ̀, a ṣí ìbòrí mítà, a tú ìdè mẹ́rin, a ki wáyà bọ ẹ̀yìn tuntun títí ó fi dún “kẹ́”. Táyé wakọ̀, Kẹ́hìndé di fóònù mú. Nígbà tí mítà sọ pé 60 máìlì, fóònù sọ pé 58, ìyẹn bíi kìlómítà 93. Inú wa dùn.

A bi Bàbá Rẹwáyà bóyá wọ́n lè yí òǹkà náà sí ti àtijọ́.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án o, eyín rẹ̀ lè tún kán. Àti pé 61,000 lójú oníbàárà, owó ni.”

A rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Sátidé, oníbàárà dé. Bàbá wa kò sí nílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ojú mítà, wọ́n ní, “Háà! 61,000 péré?” A wo ojú ara wa. A ò ní bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Iye tí wọ́n dá tó owó ilé-ìwé àwa méjèèjì géérégé. Wọ́n wá béèrè bẹ́líìtì táímìn, a ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dáa, ó di 120,000 kí n tó tún ronú kàn án,” nítorí 60,000 máìlì ni Mazda ní kí a máa pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn.

Ní alẹ́, a ṣí ìwé tí Bàbá wa máa ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Orí 120,400 ni wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì. Lójú mítà tuntun, 93,287 ló yẹ kí oníbàárà pààrọ̀ rẹ̀. Wọn ì bá fi ohun tó lé ní 26,000 máìlì rìn kọjá àsìkò, kó sì já mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. A ṣí ìwé náà sẹ́yìn, a rí 104,882: “Mo gbé ìyá wọn lọ sí ọsibítù.” Ọjọ́ tí wọ́n bí wa ni.

A pe ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n ní òfin Amẹ́ríkà ni pé bí a bá pààrọ̀ mítà tí nọ́ńbà àtijọ́ kò ṣeé gbé wọ inú tuntun, kí a dá a padà sí òdo, kí a sì lẹ ìwé mọ́ férémù ilẹ̀kùn apá òsì, kí iye àtijọ́ àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a pe oníbàárà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà tí ẹ rí lánàá kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lánàá?”

A ò rí èsì fọ̀. Bàbá wa náà bi wá ní ìbéèrè kan náà, ojú sì tì wá.

Oníbàárà padà wá, wọ́n ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n yọ ₦250,000 kúrò, wọ́n ra ọkọ̀. Táyé ti san owó tirẹ̀ tán, Kẹ́hìndé ṣì ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ọkọ̀ tó lọ, a lẹ ìwé tiwa mọ́ férémù ilẹ̀kùn, a sì kọ ọjọ́ sí i: “A ti pààrọ̀ mítà yìí. Òǹkà àtijọ́ jẹ́ 148,317. Tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 61,204. Ẹ fi 87,113 kún ohun tí ẹ bá rí.”