Ìtàjí-Èkìtì: Ta Ni Ilé-Ìwé Wa Wà Fún?

Ẹni tí ó bá gbéra láti Adó-Èkìtì, tí ó gba Ìwọ̀rókò kọjá dé Ìfàkì, yóò rí i pé ọ̀nà pín níbẹ̀. Apá kan lọ sí Ìdó, apá kejì sì lọ sí Ọ̀yẹ́. Láti Ọ̀yẹ́ ni èmi ti kọjú sí àríwá, sí ìhà Ìsàn àti Ayédé, títí mo fi dé Ìtàjí. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ máa ń lọ ra iṣu, gàrí àti kòkó ní àgbègbè náà kò nílò kí n júwe rẹ̀ fún yín. Òkè ń bẹ lọ́tùn-ún, òkè ń bẹ lósì, oko sì wà láàrin wọn. Bí ènìyàn bá tún tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i, ilẹ̀ Kwara àti ilẹ̀ Kogi kò jìnnà mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè àti oko ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá dé ìlú kan, ilé-ìwé rẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá, gẹ́gẹ́ bí ojú aláṣọ ti máa ń wá ìsọ̀ aláṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó wo ohunkóhun mìíràn lọ́jà.

Ta ni kò mọ̀ pé àwọn ará Èkìtì fẹ́ràn ìwé? Baba yóò ta kòkó, ìyá yóò ta aṣọ tí ó dára jù nínú àpótí rẹ̀, kí ọmọ ṣáà lè kàwé. Ní ọdún 1933 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Christ's School bẹ̀rẹ̀ ní Adó. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn fò sókè láàrin ọdún kan, láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432 ní ọdún 1955. Ohun ńlá ni, a sì dúpẹ́. Síbẹ̀, iye orí tí a kà sínú ìwé orúkọ yàtọ̀ sí iye ọmọ tí ẹ̀kọ́ wọ̀ létí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nìyí.

Kí a tó wọ inú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a rántí irú àgbègbè tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ayédé, aládùúgbò Ìtàjí, kì í ṣe ìlú tí ìdílé kan ṣoṣo tẹ̀dó. Láàrin ọdún 1840 sí 1850, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nupe ń da àríwá Èkìtì láàmú, jagunjagun kan tí ń jẹ́ Èṣùbíyì, ẹni tí ó jẹ Àtá, kó àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé jọ síbẹ̀. Àwọn ará Ìtàjí wà lára wọn, àwọn àlejò láti ibòmíràn náà sì rí ibi fìdí kalẹ̀ sí. Ẹni tí ó wá lónìí, tí ó wá lánàá, àti ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ rí, gbogbo wọn ni ó para pọ̀ di ìlú. Bí wọ́n bá ti lé àlejò sẹ́yìn nígbà náà, Ayédé kò bá má lè dúró lójú ogun.

Àlejò kò tíì tán ní ilẹ̀ náà lónìí. Àwọn Ẹ̀bìrà, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ìgbìrà, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ káàkiri àríwá Èkìtì, tí wọ́n sì ń gbé nínú abà pẹ̀lú ọmọ àti aya. Àwọn Fúlàní darandaran wà níbẹ̀. Àwọn Íbò wà nídìí òwò, àwọn Haúsá náà kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ni ó ń bímọ, ilé-ìwé kan náà tí ó wà nítòsí sì ni wọ́n ń rán ọmọ wọn lọ.

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì kejì ní ilé-ìwé kan ní àgbègbè náà. Èmi kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó wà ní ibi púpọ̀. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Olùkọ́ béèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́wàá, mélòó ni yóò kù. Ó nàka sí ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ Ẹ̀bìrà. Ọmọ náà dìde, ó wolẹ̀, kò fọhùn. Olùkọ́ tún un sọ ní Yorùbá, ó yára sọ ọ́, ọmọ náà kò sì fọhùn síbẹ̀. Wọ́n ní kí ó jókòó.

Nígbà tí aago ìsinmi lù, mo bá ọmọ yìí kan náà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, nídìí àgbàdo sísun tí ìyá rẹ̀ ń tà. Ẹnì kan ra ti ọ̀ọ́dúnrún náírà, ó na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i. Ọmọ náà kò wo òkè, kò wo ilẹ̀. Ó ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà lé e lọ́wọ́, ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni kí ẹ dá ẹjọ́ yìí. Ṣé ọmọ tí ó lè yọ ọ̀ọ́dúnrún kúrò nínú ẹgbẹ̀rún ni kò lè yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́wàá? Ó mọ̀ ọ́n. Èdè tí a fi béèrè ni kò mọ̀.

Ẹ má sì rò pé ọmọ àlejò nìkan ni ọ̀rọ̀ èdè ń dà láàmú. Ọmọ onílé náà ń jìyà rẹ̀. Ní ilé wọn, "uṣu" ni wọ́n ń pe iṣu, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, olùkọ́ tí kò ní sùúrù yóò jágbe mọ́ ọn, àwọn yòókù yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yẹn kò ní nawọ́ sókè mọ́. Ó dára kí a kọ́ ọ ní Yorùbá tí gbogbo wa fi ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n kí a tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbà pé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà.

A ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà fagi lé e, wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì padà di èdè ìkọ́ni.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìyẹn gan-an ni ó dára fún ibi bíi Ìtàjí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí náà gbogbo ọmọ á dọ́gba. Òótọ́ ni pé wọ́n á dọ́gba, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni èmi kò ní tan ara mi jẹ pé Yorùbá nìkan ti tó. Bí a bá ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, a gbọ́dọ̀ béèrè pé abínibí ta ni. Ìdáhùn tí mo rí kò ju pé kí olùkọ́ lo èdè tí ọmọ gbé wá láti ilé gẹ́gẹ́ bí afárá. Kí ó kọ́ bí àwọn Ẹ̀bìrà ṣe ń kí ènìyàn àti bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá. Kí ó fi ọmọ Ẹ̀bìrà tí ó gbọ́ Yorùbá ti èyí tí kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan tó láti kọ́ èyí, kò sì sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ má ṣe é.

Ọmọ kejì tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni èyí tí a máa ń pè ní olóríkunkun. A pè é, kò dáhùn. A ní kí ó wo pátákó, ó ń wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀. A nà án, kò yí padà. Mélòó nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé etí ni kò gbọ́ dáadáa, tàbí ojú ni kò ríran dé pátákó? Ìdó kò jìnnà sí Ìtàjí, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà sì wà níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn etí àti ojú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí òbí tó gbé ọmọ lọ sí ilé alálàfọ̀ṣẹ, kí olùkọ́ sì tó gbé pàṣán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ wa.

Ọkùnrin kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àìsàn gba etí rẹ̀. Síbẹ̀ ó kàwé, ó gboyè ní Gallaudet ní ọdún 1954, ó kọjá wá sí Áfíríkà, ó sì dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ghana ní ọdún 1957 àti ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ní ọdún 1962, ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní Súrùlérè ní Èkó. Àwọn wọ̀nyí fi hàn pé ọmọ tí ìlú ti fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lè kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ abà tí ó wà lẹ́yìn Ìtàjí kò lè máa lọ sí Èkó. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba 92 tí ó péjọ sí Salamanca ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 1994 fi sọ pé ilé-ìwé tí ó wà nítòsí ni ó yẹ kí ó gba gbogbo ọmọ. Òfin tí ìjọba wa fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 náà sọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ tí ó ní àbùkù ara, ó kéré tán olùkọ́ kan tí ó gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ilé-ìwé tí ó wà ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè pé olùkọ́ náà dà.

Ọmọ kẹta kò tilẹ̀ sí ní kíláàsì rárá. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n oko ni ó wà, tàbí ọjà. Bí ọjà bá ti kò, àga ṣófo. Bí iṣu bá tó wà, àga tún ṣófo. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀ ní ọdún 1989, ohun tí ó bọ́gbọ́n mu nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tọ ọmọ lọ, kò dúró de kí màlúù fi ọmọ sílẹ̀. Kí ni ó dé tí a kò lè fi díẹ̀ nínú ọgbọ́n yẹn ṣe ti ọmọ abà? Ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro jù kò yẹ kí ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọmọ tí ó pàdánù ọjọ́ méjì sì yẹ kí ó rí ẹni tí yóò tún un sọ fún un, kì í ṣe ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ. Wọn yóò ní ọmọ pọ̀ jù, owó oṣù kò tó, ọwọ́ ẹnì kan kò sì lè gbé igi gbogbo. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n láti fi ọmọ tí kò gbọ́ràn sí ìjókòó iwájú kò gba kọ́bọ̀. Láti kọ lẹ́tà gàdàgbà sí pátákó, láti kọjú sí àwọn ọmọ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ dípò kí a bá pátákó sọ ọ́, ìyẹn náà kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ń ru ẹrù fún yín ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí ó yẹ kí ó wà. Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá ń pàdé, ẹ jẹ́ kí a pe baba Ẹ̀bìrà àti ìyá Fúlàní pẹ̀lú, kí a má ṣe ìpàdé ọmọ wọn lẹ́yìn wọn. Ọmọ tí ó ka ṣéńjì pé lónìí ni ẹ óò bá ṣòwò ní ogún ọdún sí i, bóyá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lè ka ìwé àdéhùn, bóyá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa tẹ̀ka.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò sọ pé ọmọ onílé nìkan ni.