Àpò Tó Wà ní Aké

Ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1930, ìwé kan wà tí àgbà ọkùnrin kì í gbàgbé sílé bó bá ń jáde: ìwé owó-orí. Á ká a sí mẹ́rin, á rọra tì í bọ àpò bùbá, torí bí akódà bá dá a dúró lójú ọ̀nà tí kò rí i mú jáde, ẹnu dídùn kò lè gbà á. Kí ọdún tó yí po, ìwé náà á ti já níbi tí wọ́n ti ká a, òógùn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohun tí akọ̀wé kọ síbẹ̀ rẹ́. Síbẹ̀ wọn kì í jù ú nù. Àwọn ilé kan ṣì ní i nínú àpótí dòní, ti ọdún mélòó kan lórí ara wọn, tí wọ́n fi okùn dì mọ́ ìwé ilẹ̀.

Lónìí, ta ló ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri? Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í fojú kan owó-orí tirẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kí owó oṣù tó dé báǹkì. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Kútọ̀ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì pélébé láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti fi dáná. Owó-orí kò wu ẹnikẹ́ni rí, kò sì wu èmi náà. Ohun tó bá a rìn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí: ẹni tó mú ṣílè lápò ara rẹ̀ san mọ̀ pé òun lẹ́nu láti wọ Aké, ààfin Aláké, lọ béèrè ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Kí òyìnbó tó dá owó-orí sílẹ̀ rárá ni Ẹ̀gbá ti ní àpò tirẹ̀. Ní 1865, George William Johnson, télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Sàró, bá àwọn olóyè dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Egba United Board of Management. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ibodè lórí ọjà tó ń lọ sí Èkó. Glover tó ń ṣàkóso Èkó fárígá, àfi bí ẹni pé àpò tirẹ̀ ni wọ́n já. Ìgbìmọ̀ náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n èrò náà kò kú. Ní January 1893, Gómìnà Carter ti Èkó fọwọ́ sí àdéhùn pé Ẹ̀gbá ni yóò máa ṣàkóso ara rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ìbàdàn gba Rẹ́sídẹ́ǹtì mọ́ra. Nígbà tó fi di 1898, Ẹ̀gbá ti ní ìjọba tó ní akọ̀wé, akápò, ọlọ́pàá, ẹ̀wọ̀n àti ẹ̀ka tó ń la ọ̀nà, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ló sì wà lórí rẹ̀. Láti 1902 ni Adégbóyèga Ẹ̀dun ti di akọ̀wé àgbà. Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ni, J. H. Samuel ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Nígbà tí Aláké wọ ọkọ̀ òkun lọ kí Ọba Edward ní London ní 1904, ẹni tó lọ yẹn kì í ṣe ọba tí Èkó ń sanwó oṣù fún.

Ẹnubodè ni owó ti ń wọlé. Ẹrù epo, ẹrù èkùrọ́, kòkó nígbà tó yá, ọtí líle tó ń ti Èkó bọ̀: bí alárù bá dé ẹnubodè, á sọ ẹrù kalẹ̀, oníbodè á yẹ̀ ẹ́ wò, á gba tirẹ̀, alárù á tún un rù. Oníbodè kì í ṣe ẹni mímọ́ o. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé díẹ̀ ń yà lọ́nà kó tó dé Aké. Ṣùgbọ́n ojú gbangba ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó sanwó rí ẹni tó gbà á, ó mọ ilé bàbá rẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ mọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìjọba náà ní ìgbéraga tirẹ̀, ìgbéraga sì ń náni lówó. Wọ́n fẹ́ omi ẹ̀rọ, wọ́n lọ yáwó lọ́wọ́ ìjọba Gúúsù Nàìjíríà láti fi fa omi wọ ìlú. Gbèsè yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí òyìnbó rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀nà tí wọ́n ń là, tipátipá ni wọ́n ń kó ènìyàn ṣe é. Ní 1914, wọ́n mú àgbà olóyè kan ní Ìjemọ̀, Ṣóbìyí Pọ́nládé, ó sì kú sí àhámọ́. Ìjemọ̀ dìde, ìjọba Ẹ̀gbá ké sí ṣọ́jà òyìnbó. Ní ọjọ́ 8 August, ìbọn ró láàárín ìlú, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí September ọdún náà tó parí, àdéhùn 1893 ti di ìtàn. Lugard, gómìnà àgbà, gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá sínú Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀.

Lugard kò fẹ́ràn ibodè. Ohun tó mọ̀ ni ti Òkè Ọya: ẹmíà lórí ìtẹ́, ilé ìṣúra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó-orí ní ọrùn olúkúlùkù. Ní January 1918 ló gbé e wọ Ẹ̀gbá. Wọ́n pa ibodè rẹ́, wọ́n sì ka orí ènìyàn: ọkùnrin ṣílè márùn-ún, obìnrin ṣílè méjì àti sísì. Ní June, ogun Adúbí bẹ́. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, wọ́n pa Ọ̀ṣílẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, wọ́n pa òyìnbó kan. Ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n fi pa iná náà ní July. Àwọn ará oko tó bá a lọ tó 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí a ṣe ń yára kọjá lórí ogun yìí nílé ẹ̀kọ́, bí ẹni pé aáwọ̀ abúlé kan lásán ni.

Owó-orí dúró. Ẹ̀gbá Native Administration dúró tì í. Aké di ibi tí gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sí: kóòtù ìbílẹ̀, akódà, wọlé-wọlé tó ń yọjú sínú àmù omi, akọ̀wé owó-orí pẹ̀lú ìwé ńlá níwájú rẹ̀. Láti 1920, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ló jókòó lórí rẹ̀. Òfin òyìnbó sì fi gbogbo àṣẹ sí i lọ́wọ́, òun nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ayé àwọn Ògbóni, àwọn Pàràkòyí àti àwọn Olórógun, kò sí Aláké tó jẹ́ dá irú rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà já sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin kì í san owó-orí lọ́tọ̀ sí ti ọkọ. Ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ó ń san án. Ọmọbìnrin tó bá ti tó ọdún 15 wà nínú ìwé. Ta ló wá mọ ọjọ́ orí tí kò sí lákọsílẹ̀? Àwọn agbowó-orí máa ń bọ́ aṣọ lára ọmọ láti wo bóyá ọmú rẹ̀ ti yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń bá mi ṣàárò ayé àtijọ́, kó rántí ìyẹn. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà láìsan iye tó tọ́.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ: àwọn ìyàwó olùkọ́ tó mọ̀wé àti àwọn aláró, oníṣòwò, alátẹ tí kò mọ̀ ọ́n, di Abeokuta Women's Union. Ní ìparí November 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 yí ààfin ká, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní December wọ́n tún padà wá. Orin àti ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi bú ọba ni àwọn ènìyàn máa ń rántí jù. Ohun tó wú èmi lórí jùyẹn lọ: wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò tó yẹ ìwé ìnáwó Aké wò. Ìyá tó ń pa aró, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, dáwó kí wọ́n lè mọ ibi tí ṣílè òun gbà. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n gbé lọ síwájú ìjọba. Wọ́n ní kí wọ́n yọ owó-orí kúrò lọ́rùn obìnrin, kí wọ́n bu owó lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè lọ, kí wọ́n gé ìnákúnàá, kí ìgbìmọ̀ tó ní obìnrin nínú sì rọ́pò aláṣẹ kan ṣoṣo. Ètò ìṣúná gidi nìyẹn, ní ẹnu ẹni tí akọ̀wé káńsù ń pè ní aláìmọ̀wé.

Ní July 1948, Aláké kó lọ sí Òṣogbo. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, ìgbìmọ̀ tuntun sì gba obìnrin mẹ́rin wọlé. Aláké padà ní December 1950, àmọ́ káńsù ti yàtọ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ariwo púpọ̀. Òfin 1952 sọ káńsù di ti ìdìbò. Ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ kí owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ di ohun tí káńsù gbójú lé, ó sì di èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún wọn. Lónìí, Àríwá Abẹ́òkúta, Gúúsù Abẹ́òkúta, Ọdẹ́dá, Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ewékorò àti Ìfọ̀ ń retí ìpín oṣooṣù láti Àbújá. Ìpín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 nínú àpò àpapọ̀ jẹ́ 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún, owó epo rọ̀bì sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ta ló máa lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà káńsù nítorí owó tí kò ti àpò rẹ̀ jáde? Tíkẹ́ẹ̀tì ìyá aláta ò tó nǹkan lójú alága, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè láyé Gbádébọ̀ ńkọ́? Ilé púpọ̀ ti gbẹ́ kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù tiwọn, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n bá ti wọn lọ. Kò sí ẹni tó pè é ní owó-orí, bẹ́ẹ̀ owó-orí ni.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìpín káńsù gba inú àpò àjọni pẹ̀lú ìpínlẹ̀ kọjá. Ẹnu kò sì sinmi lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní 2023, alága káńsù kan ní ìhà Ìjẹ̀bú kọ lẹ́tà sí àgbà olóṣèlú kan pé owó káńsù kò dé ọwọ́ àwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn káńsẹ́lọ̀ sì yọ ọ́ nípò. Èmi ò lè dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé alága ló ń ráhùn, àgbà òṣèlú ló sì ráhùn sí. Ará ọjà kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìdajì ohun tí àwọn obìnrin 1947 dáwó wá ti di ọ̀fẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ń tẹ ìpín káńsù kọ̀ọ̀kan jáde, orúkọ Àríwá Abẹ́òkúta wà níbẹ̀, iye náírà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ní fóònù lè wò ó nígbà tó ń dúró de ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá. Ibi tí owó náà wá gbà lẹ́yìn tó wọlé ni kò sí lórí fóònù. Inú ọ́fíìsì káńsù níbẹ̀ ló wà, nínú ìwé tí òfin kò ní kí wọ́n fi pa mọ́, ó sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá wọlé lọ ní kí wọ́n gbé e wá.