Ojú tí Ṣáínà fi ń Wo Ogun Amẹ́ríkà
Bí mo bá wo èbúté ńlá tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kọ́ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, èyí tí a ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ohun tí Ṣáínà máa ń sọ sí Amẹ́ríkà ni ó ń wá sí mi lọ́kàn: pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ọmọ ogun wọ ilé onílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú. Ní ọdún 1999, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà pa oníròyìn rẹ̀ mẹ́ta nínú ilé aṣojú rẹ̀ ní Belgrade. Amẹ́ríkà ní àṣìṣe ni, Ṣáínà kò gbà. Nígbà tí Líbíà dàrú ní ọdún 2011, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó ju 35,000 kúrò níbẹ̀, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu bọ́ǹbù tí àwọn Òyìnbó rọ̀ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò rẹ̀ ìbá ti dá a dúró.

Dúkìá ìdálẹ̀ kì í jẹ́ kí olówó sùn. Ní ọdún 2017, òun náà ṣí ibùdó ọmọ ogun sí Djibouti, ó ní nítorí àwọn olè ojú òkun ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò ẹrú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní àwọn fẹ́ dá dúró nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Èkó ní ọdún 1851, tí Kòsọ́kọ́ fi wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1861, wọ́n ti gba Èkó.