Ìwé Tí Mo Kà Fún Àwọn Opó Bàbá Mi

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kọ ọ́ nígbà tí ojú ọgbẹ́ ṣì tutù. Nísinsìnyí tí ìyá mi fúnra rẹ̀ ti ní kí n kọ ọ́, tí ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ sí i, mo rò pé àkókò ti tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni Ọlọ́hun gba ẹ̀mí bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. A sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ìyàwó méjì ni ó fi sílẹ̀: ìyá tí ó bí mi, tí ó jẹ́ ìyálé, àti ìyàwó kejì tí àwa ọmọ ń pè ní Àǹtí. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ opó lọ́jọ́ kan náà, nínú ilé kan náà, yàrá wọn sì kọjú sí ara wọn. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí i rí mọ̀ pé kì í ṣe ebi ni ó ń pa ènìyàn nígbà náà, nítorí oúnjẹ ń wá láti ilé gbogbo. Ọjọ́ tí kì í tán ni ìṣòro ibẹ̀. Ìyá mi tí ó ti ń ta ẹja láti ìgbà tí ó ti lè gbé agbọ̀n, tí ó máa ń wà ní Ọjà Olúwo kí ilẹ̀ tó mọ́, òun náà ni ó wá jókòó tí ó ń wo ògiri.

Ìkòròdú ni èmi ń gbé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Gbogbo Sátidé ni mo ń wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ wo àwọn opó wa. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. A ti ṣe àdúrà, a ti ṣe ìṣirò owó fìdáù, a ti dárúkọ gbogbo ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. A kàn ń wo ara wa ni.

Ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, ilé ìtàwé kékeré kan wà tí Àlàájà kan ni ín. Ní oṣù kẹsàn-án, tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ kì í gbèrò níbẹ̀; ìwé ìṣirò àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ènìyàn ń pariwo béèrè. Bí èyí bá ti kọjá, ibẹ̀ a dá wáí. Àwọn Kùránì, àwọn ìwé àdúrà pélébé-pélébé àti tẹ̀sùbáà tí ó tò sí iwájú ni ó ń bá a san owó iná. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn pátápátá, lórí pẹpẹ kan ṣoṣo, ni àwọn ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn wà, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú wọn láìjẹ́ pé ó bá a sọ̀rọ̀.

Àlàájà kì í bi ènìyàn pé irú ìwé wo ni ó ń fẹ́. Ohun tí ó máa ń béèrè ni pé, “Ta ni yóò kà á? Kí ni kò jẹ́ kí ó sùn lóru?” Ọmọkùnrin kan wà tí kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 ni ó fún un, nítorí ìtàn Lápàdé, ọkùnrin tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tí ó ń lé àwọn ọ̀daràn kiri, kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé ìwé sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ti 1974, ni ó gbé lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà ní òun ti mọ̀ ọ́n, òun ti wo fíìmù rẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997. Àlàájà ní ẹni tí ó wo fíìmù kò tíì ka ìwé. Èmi kò fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí èyí, nítorí fíìmù náà dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Àlàájà jiyàn nínú ilé ìtàwé rẹ̀?

Sátidé kejì nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ni ó máa ń pe òǹkọ̀wé wá. Àga oníke bí ogún ni ó máa ń tò sí iwájú ilé ìtàwé. Òǹkọ̀wé á ka ìwé rẹ̀ díẹ̀, àwọn ènìyàn á bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi èyí wé ìkójáde ìwé tí gbogbo wa mọ̀, tí alága yóò jókòó, tí bàbá ìsàlẹ̀ yóò jókòó, tí wọn yóò rán wa létí pé kíkà ni àṣẹ àkọ́kọ́ tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ fún Ànọ́bì wa, tí wọn yóò wá máa pe orúkọ ẹni tí ó dá owó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ẹnì kan kò sì ní ṣí ìwé náà wò. Mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá nílé. Mo tún mọ àjọ̀dún ìwé ńláńlá, irú èyí tí Lọlá Shónẹ́yìn dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2013, tí ó sì gbé wá sí Èkó ní 2018. Nǹkan iyì ni. Ṣùgbọ́n kò sí bí ìyá ẹlẹ́ja láti Ẹ̀pẹ́ ṣe fẹ́ rò pé òun ni wọ́n ń pè síbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Àlàájà pé opó ni ìyá mi wà, kò béèrè ohun mìíràn mọ́. Ó lọ sí ẹ̀yìn, ó sì mú ìwé tín-ín-rín kan wá. Mariama Bâ, obìnrin Mùsùlùmí ará Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ó ṣe olùkọ́ bíi tèmi, ni ó kọ ọ́ ní èdè Faransé ní 1979. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Noma ní 1980, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà. Ní 1981 ni obìnrin náà kú. Ọmọ Yorùbá, Modupé Bodé-Thomas, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń jẹ́ So Long a Letter. Lẹ́tà ni gbogbo ìwé náà: obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ó ń ṣe opó, ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà lókèèrè. Àlàájà ní, “Ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí ẹ ti ń kà á. Ẹ má kánjú.”

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìyá mi kò fi mọ̀wé kà. Kéwú ni ó kà, ó sì kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn bàbá wọn, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì kò yà. Ẹni tí ó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò rì í bọmi, wọn yóò sì pa orúkọ rẹ̀ dà. Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, tí ti Ẹ̀pẹ́ wa tẹ̀lé e ní 1898, tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen náà fi dìde ní 1923. Ṣùgbọ́n ní ilé ìyá mi, ọkùnrin nìkan ni wọ́n mú lọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, ìyá mi ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Agbọ̀n ẹja ti wà lórí rẹ̀. Àǹtí, tí ìyá mi fi ọdún mẹ́wàá jù lọ, ni ọdún náà bá mu. Òun ka ìwé mẹ́fà.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Àǹtí mọ̀wé kà. Síbẹ̀, láàárín ọdún méjìléláàádọ́ta tí wọ́n jọ gbé, bí lẹ́tà bá dé fún ìyá mi, ọmọ aládùúgbò ni yóò pè kí ó wá kà á. Bí kò bá rí ọmọ, yóò tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí títí èmi yóò fi dé láti Ìkòròdú. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Àǹtí, “ará yàrá kejì” ni ó máa ń wí. Wọn kì í jà. Mo rò pé ìbá sàn bí wọ́n bá ń jà.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo kàwé náà, Màmá kàn ń mi orí ni. Nígbà tí ó gbọ́ pé obìnrin inú ìwé ń ṣe opó, ó béèrè bóyá oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá náà ni tiwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Nígbà náà, ọmọ ilé wa ni,” ni ó wí.

Ní Sátidé kejì ni a dé ibi tí Ìmáámù, arákùnrin ọkọ àti ọ̀rẹ́ ọkọ jọ wá sí ilé obìnrin náà láti wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn lọ́jọ́ náà, pé ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ìyàwó náà sì ni. Bí mo ti ń kà á ni mo rí i pé ilẹ̀kùn Àǹtí ṣí díẹ̀. Mo bá rẹ ohùn sílẹ̀.

Màmá wò mí. “Gbé ohùn rẹ sókè. Ta ni ò ń sá fún?”

Mo gbé ohùn sókè. Nígbà tí mo kà á tán, Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Tirẹ̀ sàn. Wọ́n wá sọ fún un nílé.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní 1971 nígbà tí Àǹtí wọlé. N kò mọ̀ rí bí ìyá mi ti ṣe gbọ́. Ọjọ́ náà ni ó sọ ọ́. Ó ní ìdí igbá ẹja ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti wá bá òun, tí ó sọ fún òun pé ìyàwó ń bọ̀ lálẹ́, kí òun lọ tún yàrá kejì ṣe. Oníbàárà tí ó ń ra ọ̀bọ̀kún dúró síbẹ̀. “Mo ka ẹja rẹ̀ pé, mo gba owó, mo fún un ní ṣéńjì. Mo lọ tún yàrá ṣe.” Gbogbo rẹ̀ kò jù báyìí lọ. Ó ní kí n máa kà á lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ìyá mi ń bá ohun tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda jà. Kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dé etí rẹ̀ ni ó dùn ún.

Ní Sátidé kẹta, Àǹtí gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá. Ẹnì kan kò pè é, ẹnì kan kò sì lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá títí ìwé fi ń lọ sópin. Ọjọ́ tí a parí rẹ̀ ni ó tó la ẹnu. Ó ní, “Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi owó ojú fà fún ọkọ yẹn, tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ìwé, òun kò wá ní sọ tẹnu tirẹ̀ ni?”

Mo ní rárá, obìnrin tí ó ń kọ lẹ́tà nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀.

Àǹtí ń wo ilẹ̀. “Mo yege láti lọ sí ilé-ìwé Módà. Bàbá mi ní owó kò sí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ta gààrí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí n di ẹrù mi. Kò sí ẹni tí ó bi mí.”

Màmá ti kọjú sí ògiri nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó yíjú padà, ó ní kí n bu omi fún ìyàwó òun. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí opó parí, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ aṣọ, Màmá ní òun fẹ́ rí Àlàájà oníwèé. Sátidé kejì oṣù tí ó tẹ̀lé e ni mo mú àwọn méjèèjì wá sí Ìkòròdú. Òǹkọ̀wé ọjọ́ náà jẹ́ ọkùnrin kan tí ó ń kọ ìtàn ní èdè Yorùbá. Ó kàwé, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè na ọwọ́ sókè, ìyá mi na tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi kọ́. Ìyàwó mi yìí ni ó ní ọ̀rọ̀ láti bi yín.”

Àǹtí dìde. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ó bèèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé pé nígbà tí ènìyàn bá ń kọ ìwé, báwo ni ó ṣe ń mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò dákẹ́. Ọkùnrin náà kò dáhùn kíákíá, mo sì yìn ín fún èyí. Ó ní òun máa ń tẹ̀lé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ etí òun, pé òun kò tíì máa ronú kan àwọn tí ó kù. Ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, Àlàájà mú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, ti 1969, kúrò lórí pẹpẹ ẹ̀yìn, Àǹtí ni ó sì nà án sí, kì í ṣe èmi. Màmá ná an bí ẹni ń ná epìyà. Wọ́n fà á títí, Àlàájà kò yọ kọ́bọ̀ kan, ni Màmá bá tú ìdí aṣọ, ó sanwó. Àǹtí ni ó gbé ìwé náà sí itan nínú ọkọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá ní kí wọ́n bá òun pe fóònù mi. Ó ní kí n má wulẹ̀ wá ní Sátidé yìí, pé bí mo bá dé, ọ̀rọ̀ ni n óò máa sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn kò tíì ka ìwé náà dé ìdajì.